Láti Òkè Òkun Dé Ilé: Ìrìn-àjò Oyè Ọ̀mọ̀wé Nínú Ìmọ̀ Yorùbá

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọ kò bá mọ ibi tí ó ń lọ, ó yẹ kí ó mọ ibi tí ó ti ń bọ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti gba oyè kejì nínú ìmọ̀ Yorùbá ń kọ̀wé sí àwọn yunifásítì wa pé àwọn fẹ́ ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé. Wọ́n mọ iye tí wọ́n ń ta fọ́ọ̀mù, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí wọn yóò ti ìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí oyè náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò hàn sí ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí pé a kì í sábà sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti tọ ipasẹ̀ oyè náà láti ìgbà tí kò sí yunifásítì kankan ní ilẹ̀ wa títí di òní. Èrò wa ni pé ọ̀nà mẹ́ta ni ó yẹ kí oyè yìí gbà wálé. Èkíní ni kí ibi tí a ti ń gbà á wálé. Èkejì ni kí èdè tí a fi ń kọ ọ́ wálé. Ẹ̀kẹta ni kí ohun tí a kọ padà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a gba ìmọ̀ lọ́wọ́ wọn. Èkíní ti ṣẹ, èkejì ṣẹ dé ààyè kan, ẹ̀kẹta sì ni gbèsè tí ó wà lọ́rùn wa.

2. Kí ọ̀nà tó là

Bí a bá ń wá Yorùbá tí ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí èdè yìí tí òkè òkun sì dá lọ́lá, ọ̀dọ̀ Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1843 ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ inú èdè Yorùbá jáde. Ní ọdún 1864, ọdún tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Yunifásítì Oxford fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ṣùgbọ́n oyè ìdánilọ́lá nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ni èyí, kì í ṣe oyè ìwádìí nínú ìmọ̀ Yorùbá. Èyí fi hàn pé iṣẹ́ ìwádìí lórí Yorùbá ti wà tipẹ́ kí oyè rẹ̀ tó wà.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ni N. A. Fádípẹ̀. Ìlú London ni ó ti ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní òpin àwọn ọdún 1930, lórí ètò àwùjọ Yorùbá: ìdílé, ìgbéyàwó, ìjọba, ẹ̀sìn àti ọrọ̀-ajé. Ó kú ní ọdún 1944. Ọdún 1970 ni ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn tó tẹ iṣẹ́ náà jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé, The Sociology of the Yoruba. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó fi wà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ikú ẹni tí ó kọ ọ́. Iṣẹ́ lórí Yorùbá wà, ṣùgbọ́n Yorùbá kò rí i kà. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí níwájú.

Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, abẹ́ Yunifásítì London ni ó wà. Oyè London ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn Yorùbá ní láti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni Wándé Abímbọ́lá kà fún oyè àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Èdè Faransé ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá kà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn méjèèjì tó kọjú sí Yorùbá. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́; ọ̀nà tí yóò gbé wọn débẹ̀ tààrà ni kò tíì là.

3. Ìgbà tí oyè wà lókè òkun

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ní láti wọkọ̀ lọ gbà á. Ayọ̀ Bámgbóṣé gba tirẹ̀ ní Edinburgh ní ọdún 1963 lórí gírámà Yorùbá. Ìwé tí ó ti inú rẹ̀ jáde, A Grammar of Yoruba, jáde ní ọdún 1966. Ìlú London ni Adébóyè Babalọlá ti ṣe tirẹ̀ lórí ìjálá àwọn ọdẹ. Ọdún 1966 kan náà ni The Content and Form of Yoruba Ijala jáde. Ọládélé Awóbùlúyì gba tirẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ní New York ní ọdún 1967.

Bí a bá wo ìwé Babalọlá dáadáa, a ó rí ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń béèrè. Ọdẹ tí ó ń sun ìjálá ní ẹ̀yìn igbẹ́ kò mọ̀ pé ohun tí òun ń sọ yóò kọjá òkun. Olùwádìí ní láti gbọ́ ọ, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó fi àmì ohùn sí i, kí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tún ṣàlàyé ìtumọ̀ náà. Iṣẹ́ méjì ni irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe: ó ń wádìí ìjálá, ó sì ń kọ́ àwọn tí yóò yẹ ìwádìí náà wò ní ohun tí ìjálá jẹ́. A kò sọ èyí láti bu àwọn olùkọ́ òkè òkun kù, nítorí pé wọ́n fi ìlànà ìwádìí tí ó múná lé àwọn ènìyàn wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí ó bá jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ń dán wò ni ó gbọ́ Yorùbá jù lọ nínú yàrá ìdánwò, a mọ̀ pé oyè náà ṣì wà ní àjò.

4. Oyè wálé

Ọdún 1962 ni nǹkan yí padà. Ọdún náà ni Ìbàdàn kúrò lábẹ́ London tí ó sì di yunifásítì tí ó dá dúró. Ọdún náà ni Yunifásítì Èkó àti Yunifásítì Ifẹ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Àwọn tí wọ́n lọ sí òkè òkun padà wálé, wọ́n sì di alábòójútó fún àwọn tí ó tẹ̀lé wọn. Abímbọ́lá ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó, lórí ẹsẹ Ifá. Ọlátúndé Ọlátúnjí gba tirẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1970 lórí àwọn àbùdá ewì alohùn Yorùbá, iṣẹ́ tí ó di ìwé ní ọdún 1984. Ní ọdún 1974, Afọlábí Ọlábímtán gba tirẹ̀ ní Èkó lórí ewì àpilẹ̀kọ Yorùbá láti 1848 sí 1948. Ní ọdún 1975, wọ́n dá Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Àwọn Èdè àti Lítíréṣọ̀ Ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní Ifẹ̀, Abímbọ́lá sì ni olórí rẹ̀.

Ẹ̀rí tí ó dára jù lọ pé oyè náà ti wálé ni ti Karin Barber. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá, ó lọ gbé ní Òkukù láti kọ́ nípa oríkì, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní ọdún 1979. Láàárín ogún ọdún, ọ̀nà tí Babalọlá tọ̀ lọ sí London ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tọ̀ wá sí Ifẹ̀.

5. Àkàbà oyè náà

Ẹni tí ó bá fẹ́ gun àkàbà yìí lónìí yóò rí i pé àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀. Ó ní láti kọ àbá ìwádìí: kí ni ó fẹ́ wádìí, kí ni àwọn tí ó ṣáájú ti sọ, kí ni wọ́n fi sílẹ̀, báwo ni òun yóò ṣe wá a rí? Máàkì tí ó gbà ní oyè kejì ni yóò sọ bóyá yóò kọ́kọ́ gba orí M.Phil. kọjá tàbí yóò lọ tààrà. Wọn yóò yan alábòójútó fún un. Yóò jíṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́ ní sẹ́mínà, yóò gba àríwísí, yóò sì tún iṣẹ́ ṣe. Lẹ́yìn tí ó bá ti kó àpilẹ̀kọ rẹ̀ sílẹ̀, olùyẹ̀wò yóò ti yunifásítì mìíràn wá, yóò sì fi ẹnu gbèjà ohun tí ó kọ.

Ìrírí wa lẹ́nu iṣẹ́ yìí fi hàn pé àbá ìwádìí ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú àkọlé tí ó tóbi bí ayé wá, bí ẹni pé gbogbo oríkì tàbí gbogbo àṣà ìsìnkú ilẹ̀ Yorùbá ni ó fẹ́ kó sínú ìwé kan. Ìlú kan ni Barber gbé. Ìjálá nìkan ni Babalọlá gbájú mọ́. Ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga kan jinlẹ̀ ni yóò kan omi.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyà kò sì jìnnà. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ètò ọrọ̀-ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP kalẹ̀ ní ọdún 1986 ni náírà ti ń wálẹ̀. Ìwé òkè òkun di ọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì ṣí lọ. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì, tí wọ́n ń jà kí ètò ẹ̀kọ́ má baà kú, gba oṣù mẹ́sàn-án ní ọdún 2020 àti oṣù mẹ́jọ ní ọdún 2022. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọlé ní ọdún 2019 ti pàdánù ọdún kan àti oṣù márùn-ún kí ó tó di pé a ka ti ara rẹ̀ mọ́ ọn. Nínú àkókò bẹ́ẹ̀, àgbà tí ó yẹ kí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lè ti papò dà. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n oyin náà kì í dúró de ni títí láé.

6. Èdè tí a fi ń kọ ọ́

Wíwálé oyè kò mú kí èdè rẹ̀ wálé lọ́jọ́ kan náà. Gẹ̀ẹ́sì ni Abímbọ́lá fi kọ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí Ifá. Gẹ̀ẹ́sì ni Ọlátúnjí fi kọ̀wé lórí ewì alohùn. Àwọn tí wọ́n takò lílo Yorùbá ní àwíjàre tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: wọ́n ní èdè náà kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣàlàyé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Èsì tí àwọn onímọ̀ fọ̀ ni iṣẹ́. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 mú kí ìkọsílẹ̀ wà létòlétò. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá apá kìíní, tí Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀, jáde ní ọdún 1984. Apá kejì, tí Awóbùlúyì ṣe olótùú rẹ̀, tẹ̀lé e ní ọdún 1990. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sọ̀rọ̀ nípa àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ìfohunpènìyàn tàbí àwítúnwí kò wo ẹ̀yìn kí ó tó sọ ọ́. Ìṣọ̀lá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà fi Yorùbá kọ́ni ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ilẹ̀ kò sì là. Lẹ́yìn èyí ni àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé tí wọ́n fi Yorùbá kọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Síbẹ̀, ìbẹ̀rù kò tíì tán. Akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ̀rù pé ìgbìmọ̀ tí kò gbọ́ Yorùbá kò ní í ka iṣẹ́ òun sí. Ìdáhùn wa ni pé kò sí ẹni tí ó ń béèrè pé kí onímọ̀ ìṣirò kọ iṣẹ́ rẹ̀ kí gbogbo ìgbìmọ̀ lè yé e. Olùyẹ̀wò tí ó mọ iṣẹ́ náà ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

7. Ta ni olùkọ́?

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù, òun sì ni ó wúwo jù. Àwọn alábòójútó nìkan kọ́ ni wọ́n kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí. Àwọn babaláwo ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n ki Ifá fún Abímbọ́lá. Àwọn ọdẹ ni wọ́n sun ìjálá fún Babalọlá. Àwọn obìnrin Òkukù bí i Ṣàngówẹmí ni wọ́n ki oríkì fún Barber. Ọ̀pọ̀ ọdún ni babaláwo fi kọ́ṣẹ́ kí ó tó lè dá dúró, níwájú àwọn àgbà awo tí kì í gbójú fo àṣìsọ. Ìdánwò tiwọn kò rọrùn ju tiwa lọ. Síbẹ̀, nínú ìwé wa, abẹ́fọ̀ ni a ń pè wọ́n, orúkọ wọn a sì wà ní ojú ewé ọpẹ́ tàbí ní ẹ̀yìn ìwé. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè; kò yẹ kí a gba ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kí a sì gbàgbé ọlọ́gbọ́n.

Ibí ni ọ̀rọ̀ Fádípẹ̀ ti padà wá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa síbẹ̀: wọ́n gba oyè, wọ́n dì í ní páálí dúdú, ó wọ orí pẹpẹ ní ibi ìkàwé, eruku gbà á. Ìlú tí ohùn àgbà rẹ̀ wà nínú rẹ̀ kò ní ẹ̀dà kan.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní àjò, ó wálé ní àwọn ọdún 1970, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè ilé lẹ́yìn náà. Ohun tí ó kù wà ní ìkáwọ́ wa. Kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ béèrè nínú àbá ìwádìí bí iṣẹ́ náà yóò ṣe padà sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n fún ni ní ìmọ̀. Kí ẹ̀dà ohùn tí a gbà sílẹ̀ wà ní ìlú tí a ti gbà á. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè fi Yorùbá kọ ọ́ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ọmọ babaláwo tí ó kàwé lè kà á fún bàbá rẹ̀. Ọjọ́ tí bàbá náà bá gbọ́ ọ tí ó sì wí pé, “Ibí yìí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un kọ,” ni oyè náà yóò tó wálé tán.