Àkíyèsí Ṣáájú Ìṣirò: Ìtàn Operations Research

Ogun ni ó bí ìmọ̀ tí à ń pè ní operations research. Ní 1941, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń tẹ ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì rì. Àdó olóró tí bàlúù ń jù kì í sábà bà wọ́n. E. J. Williams, onímọ̀ físíìsì, kò wá àdó tuntun: àkọsílẹ̀ ìjà ni ó yẹ̀ wò. Ó rí i pé ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100 nísàlẹ̀ ni àdó ti ń bú, nígbà tí ọkọ̀ tí awakọ̀ bàlúù rí ṣì wà nítòsí òkè omi. Nígbẹ̀yìn, wọ́n mú un wá sí 25; ọkọ̀ ọ̀tá tí ń rì sì pọ̀ sí i gidigidi.

Ní 1979, Russell Ackoff, àgbà nínú ìmọ̀ náà ní Amẹ́ríkà, bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wí pé wọ́n ti sọ ìṣirò di ọ̀gá, wọ́n sì gbàgbé ìṣòro gan-an. Ẹ̀kọ́ Williams kò yí padà: ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò, kí a tó ṣírò.