Gbànja Rẹ́mọ àti Ọgbìn Inú Ìgò

Ẹni tó bá la gbànja tí kò tètè jẹ ẹ́ á rí i pé ojú ibi tó là ti pọ́n bí irin tó dípẹtà. Oje tó ń fa pípọ́n yìí, polyphenol lórúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, ni mo fi ń jiyàn pé ọgbìn inú ìgò, ìyẹn ṣíṣe ẹ̀dà igi láti ara ọ̀mùnú rẹ̀ nínú ìgò, kọ́ ló máa kọ́kọ́ sọ oko obì Ìsarà ní Rẹ́mọ dọ̀tun.

Kì í ṣe pé oko obì kò nílò irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ igi gbànja kì í gba lẹ́búlẹ́bú òdòdó ara wọn, òmíràn kì í sì í gba ti aládùúgbò rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá gbin obì igi rere kan, oríṣiríṣi ọmọ ló ń hù. Àwọn mìíràn á tanná, wọn ò ní so. Àgbẹ̀ á ti dúró ọdún mẹ́fà-méje kó tó mọ̀.

Ní 1962 ni àwọn onímọ̀ méjì, Murashige àti Skoog, gbé àpòpọ̀ iyọ̀, ṣúgà àti fítámì tí wọ́n fi ń bọ́ ọ̀mùnú igi nínú ìgò jáde. Ní ilé ìwádìí ọ̀gbìn IITA, Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ọ̀nà yìí wọ iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lára. Ṣóńṣó orí ọ̀mùnú ni wọ́n ń gé, torí fáírọ́ọ̀sì kì í sábà débẹ̀. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a hú lóko, ní tirẹ̀, lè kó kòkòrò àti aràn gbòǹgbò wá.

Gbé ọ̀mùnú gbànja débẹ̀ wàyí. Ibi tí ọ̀bẹ kàn á pọ́n, á dúdú, oje náà á ba oúnjẹ inú ìgò jẹ́, ọ̀mùnú á sì kú. Wọ́n ń fi fítámì C tàbí èédú sí i, wọ́n ń gbé e sókùnkùn; síbẹ̀ olú tó ti fara pamọ́ sínú igi àgbà lè yọjú. Àwọn kan ní ká lo ọlẹ̀ inú obì, èyí tó rọrùn jù. Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlejò ni ọlẹ̀ yẹn: kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá yóò so. Igi àgbà tí a ti rí èso rẹ̀ la fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, òun gan-an ló sì ń ṣagídí.

Gígé ẹ̀ka gbìn, àti kíki ojú ẹ̀ka igi rere bọ ara igi mìíràn, tí ilé ìwádìí kòkó (CRIN) ní Ìdí-Ayúnrẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ni mo rò pé ó yẹ gbànja. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí a fi ìgò ṣe. Òun ṣáà ni àgbẹ̀ kọ́kọ́ ń gbìn láti ṣíji bo obì kékeré.