Kí A Tó Gbẹ́ Pọ́ǹdù: Ìtàn Ẹja Inú Ọbẹ̀ Wa

 

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí gúrúùpù WhatsApp wa mọ ọ̀rọ̀ tó ń lọ. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ dábàá pé kí ẹ ràn wá lọ́wọ́ ká gbẹ́ pọ́ǹdù ẹja méjìlá sẹ́bàá odò, kí àwọn tó jókòó sílé lè rí nǹkan ṣe. Èmi gan-an ni mo kọ àbá náà. Mo ṣírò fíídì, mo ṣírò ọmọ ẹja, mo ṣírò èrè. Bàbá kan wá fèsì ní ìlà kan péré: "Ọmọ mi, omi tẹ́ ẹ bá ń dà nù látinú pọ́ǹdù ńkọ́, ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ?" Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rí èsì fọ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn àgbà, mo sì ń kàwé. Ohun tí mo rí rèé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àwọn bàbá wa kì í ṣe ará etí òkun bíi àwọn Ìlàjẹ. Àgbẹ̀ àti ọdẹ orí òkè ni wọ́n, àmọ́ wọ́n ń jẹ ẹja odò. Ìyá àgbà mi ní ìgèrè ni wọ́n ń dẹ sómi, àwọn mìíràn ń fi ìwọ̀ pẹja. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn obìnrin àti ọmọdé á gbọ́n omi inú kòtò odò gbẹ, wọ́n á sì mú àrọ̀ àti èpìyà tó kù síbẹ̀. Ẹja náà kò pọ̀ títí, ṣùgbọ́n tí òjò bá ti dé, òmíràn á tún wá.

Àwọn àgbà sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá nǹkan sí. Ṣebí gbogbo wa ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun la mọ ìtàn oyè Àtáọ́ja: pé Láròóyè tẹ́wọ́ sí odò, ẹja bọ́ sí i lọ́wọ́, ni wọ́n fi ń pè é ní A-téwọ́-gba-ẹja. Títí dòní, wọn kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, igbó tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Bí ẹ kò tiẹ̀ sí nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀, ẹ wo iṣẹ́ tí èèwọ̀ náà ń ṣe: ó fi ibì kan sílẹ̀ tí ẹja ti lè bímọ láìsí ẹni tó ń dà á láàmú.

Kí ló wá bà á jẹ́? Ní ti odò tiwa àti ọ̀pọ̀ odò ilẹ̀ Yorùbá, kòkó ló bá wọlé. Wọ́n kó oògùn kan dé fún àwọn kòkòrò tó ń ba kòkó jẹ́, Gammalin 20, tí gbogbo àgbẹ̀ ń pè ní Gàmálìn. Kò pẹ́ tí ọlọ́gbọ́n burúkú kan fi rí i pé oògùn tó ń pa kòkòrò yóò pa ẹja. Wọ́n ń dà á sódò lóru, wọ́n ń ṣa ẹja láàárọ̀. Ìyá àgbà mi rántí àárọ̀ kan tí ẹja léfòó tí gbogbo ojú omi funfun. Ó ní àwọn kan kó o lọ tà lọ́jà, àwọn mìíràn ò fọwọ́ kàn án. Gàmálìn kò yan ẹni tí yóò pa: ó pa ìyá ẹja, ó pa ọmọ, ó pa akàn, ó sì kù sínú omi táwọn èèyàn ń pọn mu. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹja inú odò, ti 1992, lòdì sí fífi májèlé pẹja. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé tún fi lindane tó wà nínú Gàmálìn kún àwọn májèlé tó yẹ kí ayé pa rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹja tó ti lọ ti lọ.

Nígbà tí odò dákẹ́, a yíjú sí ẹja áìsì. Títù, kòtè, ṣáwá, pánlá: inú páálí ni wọ́n ń gbà dé ọjà wa. Láti inú òkun ni, àbí? Òkun sì tóbi, kò lè tán. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé rò. Láti nǹkan bí 1960 lọ sókè ni àwọn ọkọ̀ apẹja ńláńlá láti Rọ́ṣíà àti ilẹ̀ Yúróòpù ti ń wọ́ àwọ̀n káàkiri etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nígbà tó yá àwọn ará Ṣáínà náà dé. Ní Kánádà, wọ́n pa ẹja cod, èyí tí wọ́n ń gbẹ di ohun tí àwọn Ìgbò ń pè ní okporoko, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní oṣù Keje 1992 ìjọba wọn ti ibi ìpẹja náà pa, èèyàn tó lé ní 30,000 sì pàdánù iṣẹ́. Wọ́n ní ọdún méjì ni. Ọdún 2024 ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pọ́ǹdù ti wọlé nìyí. Ìjọba àpapọ̀ máa ń sọ pé ẹja tí Nàìjíríà ń jẹ lọ́dún tó nǹkan bí mílíọ̀nù 3.6 tọ́ọ̀nù, tí èyí tí a ń pèsè kò sì ju mílíọ̀nù kan lọ púpọ̀. Ọ̀sìn ẹja dà bí ìdáhùn, a sì ti gbìyànjú: ní 2015, ẹja tí a sìn ní Nàìjíríà lé ní 300,000 tọ́ọ̀nù, àrọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn Íjíbítì, àwa la tẹ̀ lé e ní Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n kí ni àrọ̀ inú pọ́ǹdù ń jẹ? Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń po fíídì, yóò sọ fún yín pé ara ohun tó wà nínú rẹ̀ ni fishmeal, ìyẹn ẹja òkun tí wọ́n gbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná. Ẹja tútù bíi kílò mẹ́rin sí márùn-ún ló ń di kílò kan rẹ̀. Ẹ̀yin ará, a ní a fẹ́ fi òkun sílẹ̀, a sì tún ń padà lọ bá a lẹ́yìnkùlé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gunjur, ìlú kan létí òkun ní Gáńbíà. Ní 2016, ilé iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ẹja níbẹ̀ fún fíídì tó ń lọ sí òkè òkun. Bonga àti sardinella, àwọn ẹbí ṣáwá tí tálákà ń sè, ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀rọ. Ní 2017, ọ̀sà ìlú náà, Bolong Fenyo, dédé pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, òkú ẹja sì kún un. Ọmọ ìlú náà kan tó jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, Ahmed Manjang, tó ń gbé ní Saudi Arabia, ló bu omi náà tó fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Májèlé arsenic tó wà níbẹ̀ ti kọjá ààlà. Ní oṣù Kẹta 2018, àwọn ọ̀dọ́ ìlú hú páìpù tí ilé iṣẹ́ náà fi ń da ìdọ̀tí sókun, àmọ́ kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé páìpù tuntun sí i. Ní 2021, Greenpeace àti Changing Markets ṣírò rẹ̀ pé ẹja tí wọ́n ń lọ̀ bẹ́ẹ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa lọ́dọọdún lè bọ́ èèyàn mílíọ̀nù 33.

Mi ò sọ pé fíídì tiwa ti Gunjur wá o. Ohun tó gún mi ní ọkàn ni pé ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ló kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú omi, lẹ́yìn tí omi ti bàjẹ́. Bàbá tó fèsì fún mi lórí gúrúùpù béèrè tirẹ̀ kí a tó gbẹ́ ilẹ̀ rárá.

Ìdáhùn mi sí i nìyí. Omi pọ́ǹdù kún fún ìgbẹ́ ẹja àti fíídì tí ẹja kò jẹ tán. Tí a bá dà á sódò bẹ́ẹ̀, ohun aláwọ̀ ewé á bo ojú omi, atẹ́gùn inú omi á tán, ẹja odò á kú, odò á sì máa rùn. Mo ti rí irú rẹ̀ nítòsí ilé ẹ̀kọ́ tí mo wà. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò ló ń jìyà rẹ̀. Àwa tí àlejò ń wá wo omi Àyìkúnugbá lọ́dọ̀ wa, ṣé ó yẹ ká jẹ́ kí irú rẹ̀ dé ilé?

Nítorí náà, mo ti tún àbá náà kọ. Kí a fi pọ́ǹdù mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, kí méjìlá dúró ná. Kí ó wà nísàlẹ̀ ibi tí àwọn èèyàn ti ń pọn omi, kí ó sì jìnnà sí odò. Kí a gbẹ́ kòtò tí omi ìdọ̀tí yóò ti silẹ̀, kí a wá fi bomi rin ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ni. Kí a máa po sóyà, àgbàdo àti kúlíkúlí mọ́ fíídì, kí fishmeal lè dín kù. Kí àwọn àgbà sì yan apá kan odò tí ẹnikẹ́ni kò ní pẹja níbẹ̀. Èrè yóò kéré sí èyí tí mo kọ́kọ́ ṣírò. Mo mọ̀, mo sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi tí inú wọn kò ní dùn sí i.

Ẹ kà á, ẹ bá mi wí níbi tí mo bá ti ṣì í, kí ẹ sì sọ èrò yín kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Tútù la ń ká ẹja. Tó bá ti gbẹ, ṣíṣẹ́ ló ń ṣẹ́.

Òkè-Ìlá á gbè wá o.