Kí A Tó Dẹ́bi fún Òkú Inú Ihò Omi

Ní ọjọ́ Kérésìmesì 2013, bàbá kan àti ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 15, mòòkùn sínú Eagle's Nest, ihò omi kan ní Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó jìn ju 90 mítà lọ. Ohun èlò tuntun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn ọdún ni wọ́n fẹ́ dán wò. Òkú wọn ni wọ́n gbé jáde. Kò sí èyí nínú wọn tó ní ìwé ẹ̀rí ìmòòkùn inú ihò; ọmọ ò tilẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìmòòkùn kankan rárá. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ní kí ìjọba ti ihò náà pa, àwọn mìíràn di ẹ̀bi ru bàbá.

Síbẹ̀, sùúrù kí a tó dẹ́bi ti gba ẹ̀mí là nínú ìmòòkùn inú ihò. Nígbà tí ikú ń pọ̀ nínú àwọn ihò Florida, ó rọrùn láti ní òmùgọ̀ ni àwọn tó kú. Sheck Exley, olùkọ́ ìṣirò tó tún jẹ́ amòòkùn, kò dúró síbẹ̀. Ó kó ìròyìn ikú wọ̀nyí jọ, ó sì ń wádìí: ṣé wọ́n na okùn láti ẹnu ihò wọlé? Afẹ́fẹ́ wọn ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe jìn tó? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé Basic Cave Diving tó jáde ní 1979: okùn kò gbọdọ̀ já, ìdá kan nínú mẹ́ta afẹ́fẹ́ fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún ewu. Bí ẹsẹ̀ bá ṣèèṣì gbá ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, omi tó mọ́ gaara á ṣú, ẹni náà ò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀. Okùn tín-ín-rín tó dì mú nìkan ló mọ ọ̀nà ìta. Ẹni tó bá ti pe òkú ní òmùgọ̀ kò ní béèrè nípa okùn mọ́.

Ní ti bàbá àti ọmọ yẹn, ẹnìkan lè ní ọmọdé kò mọ ewu, àgbà ló mú un lọ. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Ká sọ gbangba pé wọ́n rú òfin, nítorí òbí mìíràn ń gbọ́. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n rú nìkan ni ẹ̀rí fi hàn. Kò fi ọkàn bàbá náà hàn, kò sì sọ ẹni tó yí padà láti wá ẹnì kejì. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ká má tilẹ̀ wá sọ ti ẹni tí kò gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni.

Exley pàápàá kú nínú Zacatón, ihò omi kan ní Mẹ́síkò, ní 1994. Okùn ti wé mọ́ ọn lára nígbà tí wọ́n rí i. Títí dòní, kò sẹ́ni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ ohun tó pa á. Ní Eagle's Nest, àkọlé kan wà lábẹ́ omi tí wọ́n ya àwòrán ikú sí. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní àwọn olùkọ́ ìmòòkùn pàápàá ti kú nínú irú ihò yìí, kí ẹni tí kò bá kọ́ṣẹ́ rẹ̀ má kọjá ibẹ̀.