Dókítà Tó Kó Dáyámọ́ńdì 75 Jọ Nítorí Òòfà

Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù gbà pé bí èèyàn bá fi aáyù ra òòfà lára, agbára rẹ̀ tán nìyẹn. Ọ̀rọ̀ eré kọ́ o! Abẹ́rẹ́ òòfà ló ń fi ọ̀nà han atukọ̀ lójú agbami. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣìnà, ẹ̀mí ṣòfò.

William Gilbert, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ní òun ò gba àgbọ́sọ. Della Porta ará Ítálì ti kọ ọ́ pé irin tí a bá fi ra dáyámọ́ńdì á kọjú sí àríwá. Gilbert kó dáyámọ́ńdì 75 jọ, ó dán an wò níṣojú èèyàn: pàbó! Ọ̀rọ̀ aáyù náà, irọ́ ni.

Ló bá gbẹ́ òkúta òòfà rìbìtì bí ayé, ó ń gbé abẹ́rẹ́ kékeré lé e káàkiri. Láàárín, abẹ́rẹ́ sùn gbalaja; ní ìkángun méjèèjì, ó nàró ṣánṣán. Ní 1600, ó kọ ọ́ sínú ìwé De Magnete pé òòfà ńlá ni ilé ayé fúnra rẹ̀.

Lójú tèmi, irú ọ̀rọ̀ aáyù yẹn ṣì pọ̀ láàárín wa. Ẹ jẹ́ ká máa dán an wò ká tó gbà á. Ìròyìn ò tó àfojúbà.