Ọwọ́ Púpọ̀ Nídìí Iṣẹ́ Kan: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Pín Iṣẹ́ fún Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ. Oríkì tí mo ń wádìí ni ó gbé mi débẹ̀.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Erinje, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Mo tẹ ohun tí wọ́n sọ sínú kọ̀ǹpútà, mo sì fẹ́ kí ẹ̀rọ náà fi ìlà kọ̀ọ̀kan wé gbogbo ìlà yòókù, kí n lè mọ èyí tí àwọn apohùn máa ń sọ bákan náà àti èyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi kún un. Lálẹ́ ọjọ́ kan, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀ kí iṣẹ́ náà tó parí, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ti ṣe sì di òfo. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò sọ fún mi pé, “Ẹ má bínú sà, ọwọ́ mẹ́rin ni ẹ̀rọ yín ní, ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ ń lò.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ tú palẹ̀ lónìí. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe di ọlọ́wọ́ púpọ̀? Ta ni ó sì yẹ kí ó pín iṣẹ́ fún àwọn ọwọ́ náà?

Ní ọdún 1945 ni John von Neumann kọ ìwé tí ó ṣàlàyé ẹ̀rọ EDVAC. Nínú ètò rẹ̀, ọpọlọ kan ni ẹ̀rọ ní, àṣẹ kan ni ó sì ń jẹ́ tẹ̀lé òmíràn. Ní 1962, ilé-iṣẹ́ Burroughs ṣe ẹ̀rọ D825 fún àwọn ológun Amẹ́ríkà. Ọpọlọ tí ó tó mẹ́rin lè jùmọ̀ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa lo àká ìrántí kan náà.

Ní 1967, Gene Amdahl, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní IBM nígbà náà, kìlọ̀ pé ọwọ́ púpọ̀ ní ààlà. Ẹni tí ó bá mọ ẹkù, ibi tí a ti ń ṣe epo pupa, kò ní pẹ́ lóye ìkìlọ̀ náà. Ogún obìnrin lè jókòó ti ẹyìn, kí wọ́n sì ṣà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àgbá kan ṣoṣo ni a fi ń sè é, gbogbo wọn ni yóò dúró de àgbá. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iṣẹ́ kò bá ṣeé pín, ẹgbẹ̀rún ọwọ́ kò lè mú kí odindi iṣẹ́ náà yá ju ìlọ́po 10 lọ.

Ẹnì kan tí a bí ní Àkúrẹ́ ní 1954 wà nínú ìtàn yìí: Philip Emeagwali, ọmọ Ìgbò. Ní 1989 ó gba ẹ̀bùn Gordon Bell, ní ẹ̀ka tí a ti ń fi iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ṣe wé iye owó rẹ̀, fún ìṣirò lórí epo rọ̀bì inú àpáta abẹ́ ilẹ̀. Irú ẹ̀rọ tí ó lò, Connection Machine, ní ọpọlọ kéékèèké 65,536. Àṣẹ kan náà ni gbogbo wọn ń gbọ́, bí ìgbà tí àwọn elégbè bá ń gbọ́ ohùn adárin, kálukú a sì jẹ́ àṣẹ náà lórí ìpín tirẹ̀.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ilé wa nígbà náà. Ooru ni ó mú ọwọ́ púpọ̀ sún mọ́ wa. Fún ọdún púpọ̀, àwọn aṣẹ̀rọ ń mú kí ọpọlọ kan ṣoṣo máa yára sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di 2004, ooru ara rẹ̀ ti pọ̀ jù. IBM ti fi ọpọlọ méjì sínú ṣíìpù kan ní 2001, nínú POWER4. Ní 2005, Intel àti AMD ṣe irú rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọpọlọ wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní core. Ẹyọ iṣẹ́ tí a pín ètò kan sí ni èmi yóò máa pè ní fọ́nrán, nítorí pé fọ́nrán ni ó ń para pọ̀ di okùn.

Alábòójútó kan wà nínú ẹ̀rọ tí ń pín fọ́nrán fún core. Òun ni ètò tí ó wà ní ìdí gbogbo ètò, bíi Linux tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ó lè gbé fọ́nrán láti orí core kan lọ sí òmíràn nígbàkúùgbà. Ẹni tí ó bá ti bá ẹgbẹ́ aláàáró lọ sí oko rí yóò mọ ìṣòro tí ó wà níbẹ̀. Kálukú ni ó ní poro tirẹ̀. Bí a bá ń gbé ènìyàn kiri láti poro dé poro, ìrìn ni yóò jẹ àkókò rẹ̀. Core kọ̀ọ̀kan ní àká kékeré nítòsí, níbi tí ó kó ohun tí ó ń lò sí. Fọ́nrán tí a bá gbé kúrò yóò ní láti tún ẹrù rẹ̀ kó.

Nítorí náà ni Linux ṣe fi àyè sílẹ̀ ní 2002 kí olóhun lè sọ ibi tí iṣẹ́ òun yóò wà. Robert Love kọ irinṣẹ́ tí ń jẹ́ taskset. Bí mo bá tẹ taskset -c 0-3, tí mo sì kọ orúkọ ètò mi tẹ̀lé e, àyè 4 àkọ́kọ́ nìkan ni ètò náà lè lò, nítorí pé láti orí 0 ni ẹ̀rọ ti ń kà. Ọgbà ni àṣẹ yìí fi yí iṣẹ́ ká. Fọ́nrán ṣì lè rìn nínú ọgbà náà. Fún ètò tí a kọ ní ìlànà OpenMP, OMP_NUM_THREADS=4 a máa sọ iye fọ́nrán, OMP_PROC_BIND=true a sì máa so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ àyè rẹ̀.

Níhìn-ín ni mo ti ṣìnà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi pín ètò náà sí fọ́nrán 4, mo sì fi ìdánilójú so wọ́n mọ́ 0 dé 3. Iṣẹ́ yá díẹ̀, kò yá tó bí mo ti retí. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé láti 2002 ni Intel ti ń ta ọpọlọ kan tí ń fi ara hàn bí méjì. Obìnrin méjì lè máa gún iyán nínú odó kan, ṣùgbọ́n odó kan náà ni. Nígbà tí mo tẹ lscpu -e, mo rí i pé nínú ẹ̀rọ tèmi, core kan ni ó ni 0 àti 1, òmíràn ni ó ni 2 àti 3. Fọ́nrán 4 ń du core 2, core 2 yòókù sì jókòó láìṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ kò ṣẹ̀ mí. Àṣẹ mi ni ó jẹ́. Mo yí i padà sí taskset -c 0,2,4,6, iṣẹ́ náà sì parí kí epo tó tán.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Láti 2011 ni ilé-iṣẹ́ ARM ti gbé ìlànà kalẹ̀ tí ó fi core ńlá àti core kékeré sínú ṣíìpù kan, irú èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù; Intel náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní 2021. Ẹni tí ó bá so iṣẹ́ ńlá mọ́ core kékeré ti pàṣẹ láìmọ òṣìṣẹ́. Bí iṣẹ́ mìíràn bá sì wá gba core tí a so fọ́nrán wa mọ́, fọ́nrán náà yóò dúró, bí core mìíràn tilẹ̀ ṣófo. Nítorí náà, ó sàn kí a fi iṣẹ́ kéékèèké ojoojúmọ́ sílẹ̀ fún alábòójútó. Iṣẹ́ gígùn, tí a mọ bí ó ṣe pín, tí a sì mọ ẹ̀rọ tí yóò ṣe é, ni ó yẹ irú àṣẹ yìí.

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí n padà sí ìkìlọ̀ Amdahl. Ẹ̀rọ mi ti fi ìlà wé ìlà. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ mọ ìdí tí àgbà kan ní Erinje fi yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú oríkì ìdílé rẹ̀, ènìyàn kan ni yóò jókòó tì í, tí yóò bi í, tí yóò sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ìdá tí kò ṣeé pín nínú iṣẹ́ wa nìyẹn. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ná àkókò tí ẹ̀rọ bá fi pa mọ́ fún wa, nítorí pé àwọn àgbà náà kò ní wà títí láti dúró dè wá.