Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tó ń gbéni dìde, tó sì ń lé ni nílùú

Láti Oregun ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, níbi tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti máa ń jí ní ìdájí. Àmọ́ jíjí yàtọ̀ sí dídìde. Ojú lè là kí ara má kúrò lórí ẹní.

Àwọn Gíríìkì àtijọ́ náà mọ ìyàtọ̀ yìí. "Egeiro" ni wọ́n ń lò fún kí á jí èèyàn, "anistemi" fún kí á mú un dìde dúró. Nínú Iliad, Homer lo anistemi nígbà tí Achilles dìde láàárín ìpàdé láti sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìwé náà ń parí lọ, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Achilles fi sọ fún ọba Priam pé ẹkún kò lè gbé ọmọ rẹ̀ tó kú dìde.

Ẹ wá gbọ́ ìhà kejì. Lọ́dún 431 ṣáájú ìbí Jésù, ogun ń lọ láàárín Athens àti Sparta. Athens lé gbogbo ará erékùṣù Aegina kúrò nílé, tọmọdé tobìnrin. Thucydides tó kọ ìtàn ogun náà, anistemi ló lò. Wọ́n mú wọn dìde lóòótọ́, àmọ́ ojú ọ̀nà ni wọ́n dìde sí.

Àwa náà mọ irú ìdìde bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1821, ogun dé Òṣoògùn, wọ́n sì kó ọmọ kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1822, ó dé Freetown, ó kọ́ ìwé, ó sì di Samuel Àjàyí Crowther. Ọdún 1846 ló tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Òun ló ṣáájú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa.

"Anastasis", tó wá láti ara anistemi, la ń pè ní "àjíǹde" lónìí, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa: jíjí wà nínú rẹ̀, dídìde wà nínú rẹ̀. Ohun tí Gíríìkì pín sí méjì, Yorùbá so ó pọ̀. Àmọ́ lílé kò sí nínú àjíǹde rárá. Tí ẹ bá tún gbọ́ ọ níbi ìsìnkú, ẹ rántí pé ọmọ tí wọ́n fipá mú dìde ní Òṣoògùn wà lára àwọn tó kọ́ wa láti kà á nínú ìwé.